Oko Wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Ẹ Yé Sáré Lọ Ra Iṣu Lọ́jà

Gbogbo ìgbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù bá ti ṣí, ariwo kan náà là ń gbọ́ láti LASUSTECH ní Ìkòròdú títí dé ọgbà LASU ní Ẹ̀pẹ́: "Kí Ikorodu City lọ ra àwọn àgbà! Ọmọdé ò lè gbá NPFL!" Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ikorodu United wọ NPFL ní 2016, ìparí sáà yẹn náà ni wọ́n já. Sporting Lagos gòkè ní 2023, wọ́n já ní 2024. Ikorodu City gòkè ní 2024, kò sí ẹni tó fẹ́ kí tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn tọ́, oògùn tí ẹ ń júwe ni kò tọ́. Àgbà tí ẹ rà lónìí á gba owó oṣù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní rà á lọ́wọ́ yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ óò tún padà sọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òfin FIFA sọ pé tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, 5% owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15 jẹ́ 0.25%, láti 16 sókè jẹ́ 0.5%. Ní 2025, mílíọ̀nù 75 yúrò ni Galatasaray ra Victor Osimhen, ọmọ Olúsọsùn níbí ní Èkó. Lórí irú owó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá tọ́ ọmọ ọdún 13 fún ọdún kan péré á gba 187,500 yúrò. Ọdún kan o! Àgbà wo ló máa mú ìyẹn wálé?

Ẹ ní, "Wọ́n á ta ọmọ náà kó tó gbó." Títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Títà láìsí ìwé ni ẹ̀ṣẹ̀. Kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ lórí pápá ilé-ìwé ní Ìmọ̀ta tàbí Ẹjìnrìn, tí kò forúkọ ẹgbẹ́ àti ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni yóò ti máa rí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ ká gbé ariwo wa lọ. Kí ẹgbẹ́ máa ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọdé lọ́dọọdún, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, torí ọ̀nà Ìtóìkín ló so wá pọ̀. Kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kí àwa náà ní sùúrù. Ọmọ ọdún 18 tó ṣi góòlù gbá lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bú ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tún gbá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ àgbà, kó kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ tó máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítorí rẹ̀.