Dandan Ni Kí Ẹnjiníà Kọ́ Ìtàn

Bí ọmọ bá ní ìtàn lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ nílé ni pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ìyá rẹ̀ á fi kún un pé ṣé JAMB ò rí nǹkan gidi fún un ni. N kò bá àwọn òbí wí, owó ilé ìwé kì í ṣe kékeré. Èrò tó fara pamọ́ sábẹ́ ìbéèrè yẹn ni mo ń bá jà: pé ìtàn wà fún àwọn tí máàkì wọn kò gbé wọn dé ìṣègùn tàbí òfin, àti pé ẹni tó bá ti ráyè wọ ẹ̀ka ẹnjiníà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó lọ kọ́ ìtàn kọ́ ni ìṣòro wa. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìtàn, tí wọ́n wá ń ṣe afárá, tí wọ́n ń gún wa lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ń wó ilé onílé, àwọn ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí ẹnikẹ́ni má gba oyè ní yunifásítì kankan ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ìṣègùn, ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́ ìtàn fún odindi ọdún kan, tó sì yege.

Wọ́n á ní GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe, ti wà fún ìyẹn. Lóòótọ́, NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti fi Nigerian Peoples and Culture sínú ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, unit méjì péré. Ẹni tó bá ti jókòó nínú gbọ̀ngàn GST rí mọ bó ṣe ń lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ há mọ́ra, ohùn olùkọ́ kò dé ẹ̀yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, ẹnìkan á fi PDF ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá ránṣẹ́ sórí WhatsApp, gbogbo kíláàsì á há a sórí mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà: ọdún wo ni Lugard da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù? A, 1900. B, 1906. C, 1914. Ọmọ tẹ C, ó gba máàkì, ó di ẹni tó mọ ìtàn. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi dà wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó wà nídìí ẹ̀, pé ìnáwó ìjọba Àríwá ju owó tó ń wọlé fún un lọ, pé ó ti sú ìlú ọba láti máa fi owó tirẹ̀ dí i, owó kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń wọlé ní èbúté Gúúsù sì wà nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí, kó tó dá sí ìjà tí àwọn ìpínlẹ̀ ń jà lórí owó VAT.

Àwọn ọmọ yìí kò sì bá ìtàn pàdé kí wọ́n tó débẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ní 2007 kò jẹ́ kí ìtàn dá dúró mọ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, wọ́n ní Social Studies ti kó o mọ́ra. Ó di 2022 kí wọ́n tó ṣe ayẹyẹ pé wọ́n ń dá a padà. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí àwọn tó wà ní yunifásítì báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú Èkó, torí níbẹ̀ ni àìmọ̀tàn ti ń wó ilé lé èèyàn lórí. Ní 1924, bubonic plague, àrùn tí eku ń gbé kiri, wọ ìlú náà. Ìjọba amúnisìn wò ó pé àwọn agboolé tó fún mọ́ra láàárín ìlú ló ń bọ́ àrùn. Ní 1928 wọ́n dá Lagos Executive Development Board (LEDB) sílẹ̀, wọ́n fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, àti láti tún àdúgbò tò. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti wọ ẹnu ìjọba tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́: àdúgbò yín dọ̀tí, ìlera yín là ń wá, ẹ kó jáde.

Ní 1955, àjọ kan náà dojú kọ àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun, ojúlé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, omi ẹ̀rọ. Ta ni yóò sọ pé kò dáa? Peter Marris, ọmọ ìlú ọba kan tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ìyá tó ń pàtẹ lójúde ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ di àlejò ní Sùúrùlérè. Owó ọkọ̀ àti owó ilé gbé owó oúnjẹ mì. Àwọn tó ń gbé agboolé kan náà, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ìsìnkú bá dé, tú ká. Nínú èyí tí mo sọ yìí, kò sí ohun tó ṣókùnkùn, ìwé náà wà ní láíbìrì.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún tí ìwé náà ti jáde nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fún àwọn ará àdúgbò Màrókò ní ọjọ́ méje ní July 1990, tí katapílà sì wọlé. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sùn síta. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ kò yí padà: ibẹ̀ dọ̀tí, omi fẹ́ gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n lé wọn tán, ilé àwọn olówó ló hù sórí ilẹ̀ tí wọ́n ní omi fẹ́ gbé lọ. Ní July 2012, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn kan ní Makoko, àdúgbò orí omi. Láti November 2016 sí April 2017, wọ́n pa Otodo-Gbame, àdúgbò mìíràn létí omi, rẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n ṣì dúró ná.

Ẹ má dá gbogbo rẹ̀ lé gómìnà lórí. Gómìnà kì í ya máàpù. Aṣètò ìlú ló yà á, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló fi òpó sí i, wolé-wolé ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ léwu fún ìlera, agbẹjọ́rò ìjọba ló kọ nótíìsì, ẹnjiníà ló gbé ẹ̀rọ wá. Gbogbo wọn ló ka ìwé. Ẹni tó kọ́ ètò ìlú nínú wọn lè ti gbọ́ orúkọ LEDB dáadáa, kó tiẹ̀ ti há a sórí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìlọsíwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó ń pàtẹ ni kò sí nínú nóòtì rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ṣe, tí kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́, ni ó tún gbé jáde bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án.

Àwọn dókítà náà kò yọ sílẹ̀. Ní 1996, nígbà tí meningitis ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer fún ọgọ́rùn-ún ọmọ ní Trovan, oògùn tuntun, wọ́n fún ọgọ́rùn-ún mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú. Ìjọba ní wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí bó ṣe yẹ. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ní 2009 òun àti ìjọba Kano parí ẹjọ́ náà sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Kó tó dìgbà náà, ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya, Kano síwájú wọn, ti kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àrùn náà sì gba ibẹ̀ ràn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ohun tí a ń gbọ́ ní gúúsù níbí ni pé òpè ni wọ́n. Wàhálà ọ̀hún ju Trovan nìkan lọ, òṣèlú wà níbẹ̀, ìfura sí Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní Kano rántí ohun tí dókítà tó ń pè é ní òpè kò kọ́ rí. Dókítà tó bá kọ́ ìtàn á kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni wọ́n ti ṣe fún àwọn èèyàn yìí rí, kó tó ṣí ìgò àjẹsára.

Ìbàdàn ńkọ́? Ní 31 August 1980, odò Ògùnpa ya, ó gbé èèyàn tó lé ní igba lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ya. Ní 26 August 2011 omi tún wọ ìlú, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Ìṣirò á sọ fún ẹnjiníà bí gọ́tà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Kò ní sọ fún un pé ta ló fọwọ́ sí ilé tó wà létí odò.

Ọmọ Data Science tó ń fi iye èèyàn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe àsọtẹ́lẹ̀ kò gbọ́ rí pé wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962, pé ti 1973 náà bá a lọ, pé 2006 la kà gbẹ̀yìn, Èkó sì ń sọ pé èèyàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ fún òun. Ó ń da àwọn nọ́ńbà yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń tú wọn jáde ní àwòrán aláràbarà, àwa náà ń pàtẹ́wọ́.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ìjọba bá sọ ìtàn di dandan, ṣé kì í ṣe ìtàn tó wu ìjọba ni wọ́n á máa kọ́? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn onítàn kọ́ ọ, kí wọ́n má sì kọ́ ọ bí ẹni ń to orúkọ ọba. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn, àwọn onítàn wa, Kenneth Dike, Saburi Biobaku, J. F. Ade Ajayi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kó ìwé aṣojú ìjọba sápá kan, wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà sápá kejì, wọ́n ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ kọ́. Kí wọ́n gbé ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ síwájú rẹ̀. Àlùfáà náà parí rẹ̀ ní 1897, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú ọba, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, 1921 ló tó jáde. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ayé. Ẹ bi ará Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń bi ìwé pé ta ló kọ ọ́, níbo ló dúró sí, ta ni wọn kò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, kò ní gbé àbájáde ìwádìí ilé iṣẹ́ oògùn mì láìjẹ. Kò sì ní gba ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp nípa ẹni tó ni Èkó. Àwọn tó ní kí ó lọ wò ó lórí Google, irọ́ náà wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń ṣáájú òótọ́.

Wọ́n á tún ní kò sí àyè, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ. Àyè wà. Ẹ wo kọ́ọ̀sì okòwò tí wọ́n fi ṣe dandan, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń po ọṣẹ olómi níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni ọṣẹ pípò, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi tọ́mọ, wọn kò sì wọ yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Inú á bí àwọn kan, kó máa bí wọn.

Àwọn ẹ̀ka ìtàn tí wọ́n ti ń fi International Relations tàbí Diplomatic Studies so mọ́ orúkọ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yà sọ́dọ̀ wọn, àwọn ni kí ìjọba gba olùkọ́ kún, torí iṣẹ́ á pọ̀. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Dike ṣe wàhálà kí ó tó wà, kí wọ́n fọwọ́ kan bébà tó ti gbó. Kò sí CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan nínú iṣẹ́ tirẹ̀, kó kọ ọ́ jinlẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà fi dìde lórí owó orí ní 1968, kí ọmọ òfin sọ bí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ṣe gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, tí wọ́n sì dá a láre ní 1921 pé àwùjọ ló ni ilẹ̀, kí ìjọba tó bá gbà á sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró níwájú olùkọ́ kó gbèjà ohun tó kọ. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ First Class ló ń dúró dè é ní Mechanical Engineering.