Kí ẹ tó tú ajá sílẹ̀ lórí àpáta

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba ajá mi, Tanímọ̀la, nínú abala yìí, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi mí: níbo ni ènìyàn lè mú ajá lọ tí yóò ti sáré tẹ́rùn láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Inú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí ni èmi náà ń gbé ní Àkúrẹ́. Bí Tanímọ̀la bá gbó lẹ́ẹ̀mẹta, onílé á ti yọjú. Bí mo bá mú un dé pápá ilé-ìwé tó wà ládùúgbò, àwọn ọmọdé á fọ́n ká, àwọn ìyá wọn á sì máa pariwo dìgbòlugi. Ti ojú títì kò ṣe é sọ, nítorí ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Ohun tó mú mi kọjú sí òkè nìyẹn. Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè rí mọ àwọn àpáta ràgàjì tó yí ìlú náà ká. Èrò mi ni pé ibi tí kò bá ti ní ọgbà, kò ní ẹni tó ni ín. Àṣìṣe ńlá gbáà ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọlọ́kadà tó gbé wa bi mí bóyá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se 404 ni mò ń gbé ajá lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì di Tanímọ̀la mú dáadáa. Nígbà tí a dé orí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ìlú, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnì kan. Mo tú okùn. Tanímọ̀la sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó yí gbirigbiri nínú koríko gbígbẹ. Inú mi dùn débi pé mo yọ fóònù láti ya àwòrán rẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, kò sí ajá mọ́.

Mo pè é títí ohùn mi fi há. Ìsàlẹ̀ àpáta ni mo ti gbọ́ igbe. Bàbá àgbẹ̀ kan sá kòkó sórí tapólì níbẹ̀. Tanímọ̀la ti tú u ká, ó sì ń fi eyín fọ́ kóró kòkó jẹ wàràwàrà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀, mo ṣe bí owó kòkó ló ń dun Bàbá.

“Dìde, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Kòkó kọ́ ló ń dùn mí. Tètè gbá ajá rẹ mú. Kòkó a máa pa ajá!”

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èròjà kan wà nínú kóró kòkó tí à ń pè ní theobromine; òun náà ló wà nínú ṣokoléètì. Ara ènìyàn tètè ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara ajá kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè da ọkàn rẹ̀ láàmú títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, Tanímọ̀la ti ń bì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò fojú ba oorun lóru ọjọ́ náà. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà lọ san owó kòkó tó bàjẹ́. Bàbá kọ̀, wọn kò gbà á. Ọdẹ ni wọ́n nígbà èwe wọn, wọ́n sì mọ ajá dáadáa. Mo ní, “Bàbá, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Fèrè wo ni ìwọ ti fọn fún tìrẹ rí?”

N kò rí èsì fọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pa òwe yẹn, ajá ni mo máa ń dá lẹ́bi; n kò ro ti ọdẹ rí. Bàbá ṣàlàyé pé ọdẹ kì í tú ajá sígbó àfi bí ajá bá ti mọ ohùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo kọ́ lé yín lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ajá ní ìpè. Inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ súfèé, bí ó bá dé, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ okùn gígùn bíi mítà 10 níta, kí ẹ sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ má nà án, kó má baà gbà pé ìyà ni wíwá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀. Àgbẹ̀ ń sá kòkó lórí àpáta, pàápàá láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Ọdẹ ń dẹ tàkúté sí ẹsẹ̀ òkè. Àwọn òkè mìíràn, bí Olósùnta ní Ìkéré-Èkìtì, jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ fún àwọn ará ìlú. Níbi tí àwọn àlejò ti ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ẹ má tú okùn rárá.

Ẹ wo àsìkò. Òórùn ọ̀sán a máa sọ àpáta di agbada gbígbóná. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò bá lè gba ooru rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dára, kí ẹ sì gbé omi dání. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Paramọ́lẹ̀ náà a sì máa sá pamọ́ sáàárín òkúta.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ti là á kalẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn ìyá àdúgbò mi kì í ṣe lásán: ajá ló ń fa nǹkan bíi 99 nínú 100 àrùn yìí lára ènìyàn. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ Tanímọ̀la. Bàbá fi àpáta kan hàn mí lẹ́yìn oko àjákù wọn, níbi tí kò sí tàkúté, tí kò sí kòkó. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo tú u sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó sáré títí ó fi fẹ́ẹ̀ dé etí àpáta. Mo súfèé lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró, ó yíjú padà, ó sì sáré bọ̀ wá bá mi. Bàbá mi orí, wọ́n sì gbé àdá wọn, wọ́n gba oko lọ.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ire o.