Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bú gbàù ni ẹ̀tù

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "ẹ̀tù ni ẹ̀tù, ẹ ṣáà ki nǹkan sí i kó dún" sábẹ́ fídíò ṣakabùlà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà. Irọ́ ni, irú irọ́ tó ń gé èèyàn lọ́wọ́. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọn náà. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ọta á tẹ̀ lé e. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ti bá ẹ wọn ohun tó yẹ kó wọ inú ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń kì í ni òṣùwọ̀n. Ohun tó o bá dà sí i ló máa gbà, kò lẹ́nu tó fi máa sọ pé "ó tó".

3/ Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate ló wà nínú ẹ̀tù dúdú. Ó ń jó kíákíá lóòótọ́, àmọ́ agbára ẹ̀ ní ààlà. Ó ju ìdajì ẹ̀ lọ tó máa ń di èéfín àti eérú. Ìdí nìyẹn tí èéfín funfun fi máa ń bo ọdẹ lójú tó bá ti yìnbọn tán. Agbára tó ní ààlà yìí ni wọ́n rọ irin ṣakabùlà fún. Òun nìkan.

4/ Ní 1884, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Irú ẹ̀ ló wà nínú ọta ìbọn ìgbàlódé. Bí wọ́n bá ṣe há a mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jó kíákíá sí i. Tẹ́ ẹ bá bu ìwọ̀n kan náà nínú òun àti ẹ̀tù dúdú, agbára wọn ò lè dọ́gba láé. Ẹni tó bá tú katiríìjì, tó da inú ẹ̀ sínú ṣakabùlà, kò ki ìbọn o. Bọ́ǹbù ló gbé sí èjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara ẹ̀.

5/ Irin náà ńkọ́? Ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí etíkun wa láyé àtijọ́, ilé àyẹ̀wò ìbọn ti wà láti 1813. Wọ́n á ki ìbọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á yìn ín wò kó tó dé ọjà. Nílẹ̀ wa ńbí, páìpù omi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ta ló bá wa dán an wò? Ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín.

6/ Àwọn kan á ní "knockout ni tèmi, kì í ṣe katiríìjì." Ẹ gbọ́. Wọ́n ṣe knockout kó lè bú gbàù, wọn ò ṣe é kó máa ti ọta jáde. Ìyẹ̀fun alumíníọ́mù wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí kò sí nínú ẹ̀tù ọdẹ rárá. Àwọn kan nínú wọn, kí nǹkan ṣáà gún wọn tàbí kó ha wọ́n lára, wọ́n ti gbaná. Ìwọ wá fẹ́ fi ọ̀pá kì í nínú irin.

7/ Tó bá jọ pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Jankara ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní December 26, 2012, ilé tí wọ́n kó knockout pa mọ́ sí bú gbàmù. Ó gbẹ̀mí, ó jó ilé. Kò sí ìbọn kankan ńbẹ̀ o. Nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ìṣeré ọmọdé nìyẹn.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé "àwọn òyìnbó náà ń lo nǹkan míì dípò ẹ̀tù dúdú." Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní Pyrodex láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, wọ́n sì wọn agbára ẹ̀ kó lè bá ìbọn àkìlẹ́nu mu. Síbẹ̀, kì í tètè gbaná bí ẹ̀tù dúdú, torí náà kò bá ìbọn olókùúta mu dáadáa. Dan Pawlak tó ṣe é, tó mọ̀ ọ́n tinú tòde, ó kú ní 1977 nígbà tí iná sọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀gá nìyẹn o. Ìwọ tó ń da tìẹ pọ̀ nínú agolo mílíìkì ńkọ́?

9/ Ẹ má sì fi àwọn bàbá ńlá wa ṣẹ̀rí. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà l'Ékòó ò ní kí wọ́n kó nǹkan míì sínú ṣakabùlà kó lè lágbára sí i. Ìbọn ìgbàlódé ni wọ́n rà ránṣẹ́, pẹ̀lú ọta tó jẹ́ tiẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tiẹ̀.

10/ Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó ṣàdéhùn ní Brussels pé kí wọ́n má ta ìbọn ìgbàlódé fún apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Kí ni wọ́n wá yọ̀ǹda? Ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán. Wọ́n mọ̀ pé agbára àwọn yẹn ò tó nǹkan. Ìbọn tí wọ́n fún wa torí pé kò lágbára ni àwọn kan wá ń fi tipátipá wá agbára fún.

11/ Ẹ wá wo àdúgbò wa. Ṣómólú, ilé ìtẹ̀wé lọ́tùn-ún, ilé ìtẹ̀wé lósì: bébà, íńkì, jẹnẹrétọ̀. Bàríga, yàrá mẹ́wàá nínú ilé kan, kòròfo gáàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan á wá kó ẹ̀tù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé òun ń ṣọ́ àdúgbò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní January 16, 2024, ohun ìbúgbàmù tí wọ́n kó sínú ilé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, wó ilé àwọn tí ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Bódìjà, tí ilé jìnnà síra. Ẹ fojú inú wo Bàríga.

12/ Òfin náà ò sùn. Òfin ìbọn ti 1959 dárúkọ Dane gun, ìbọn olókùúta àti ìbọn onífìlà. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ohun ìbúgbàmù náà ní òfin tiẹ̀ láti 1964. "Ìbọn ìbílẹ̀ ni" kì í ṣe ìwé àṣẹ.

13/ Ó wá kan àwa tá à ń ya fídíò. Wọ́n pè mí síbi ìsìnkú bàbá ọdẹ kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ní kí n sọ fún àwọn ọdẹ kí wọ́n "ki ìlọ́po méjì" kó lè dún nínú fídíò. Mo ní rárá, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, owó yẹn dùn mí. Àmọ́ ariwo tẹ́ ẹ̀ ń wá, ẹ lè fi kún un lórí fóònù. Ìka tó bá já, kò sí áàpù tó ń dá a padà.

14/ Mi ò kórìíra àṣà o. Àwọn àgbà ọdẹ ló mọ èwo ni ẹ̀tù, wọ́n mọ bó ṣe ń tó, wọn kì í sì í kìbọn láàárín èrò. Ẹni tó ń da knockout sínú ìbọn ló ń tàbùkù àṣà, kì í ṣe èmi tí mo ń sọ̀rọ̀.

15/ Torí náà: tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀tù, ẹ rìpọ́ọ̀tù ẹ̀, ẹ má bá a pín in kiri. Tẹ́ ẹ bá mọ ilé tí wọ́n kó o sí ládùúgbò, 767 tàbí 112 ni kẹ́ ẹ pè. Tí wọ́n bá ń yìnbọn níbi ìsìnkú, ẹ jìnnà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ẹ̀ sí òun? Èyí tí wọ́n ki ìkíkukì sínú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ò ṣeé dúró sí.