Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Pípààrọ̀ Ṣáàfù Iwájú Ọkọ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé

Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, àti ti aṣọ, àti ti oúnjẹ ní ojú-ewé yìí. A kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò bínú bí a bá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé àgbẹ̀, ọkọ̀ ti di ohun-èlò iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àdá àti ọkọ́.

Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Òkìtìpupa mọ̀ pé orúkọ ìlú náà gan-an ti sọ irú ilẹ̀ tí ó wà ní agbègbè wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ pupa náà a máa le koko. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, ọ̀nà oko a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́ a sì máa rì sí ojú kan pẹ̀lú ẹrù ẹyìn lórí. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́pẹ fi ń wá ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀ láyé. Jeep ni ó mú kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948 ni a fi Land Rover hàn ní ìlú Amsterdam. Ní ọdún 1979 sì ni Toyota mú Hilux tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà jáde.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Àjàgbà ní Hilux tòkunbọ̀ kan. Ní ọdún tí ó kọjá, bí ó bá yí sitiárìn dé òpin, ọkọ̀ náà a máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ ní apá ọ̀tún. Ìró yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ṣáàfù ni ọ̀pá irin tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ dífù lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ti ẹ̀yìn lè jẹ́ ọ̀pá gbọnrangandan kan. Ṣùgbọ́n ti iwájú gbọ́dọ̀ ní oríkèé, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ń yí sí ọ̀tún àti sí òsì, ó sì ń lọ sókè sódò. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Alfred Rzeppa ni ó ṣe oríkèé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ní nǹkan bí ọdún 1926: ọmọ irin róbótó mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń yí nínú gírísì, tí rọ́bà sì bò wọ́n. Bí rọ́bà yẹn bá ya, gírísì yóò fọ́n jáde, omi àti iyanrìn yóò wọlé, iyanrìn a sì máa lọ irin bí ọlọ ti í lọ ata.

Rọ́bà ti ọ̀rẹ́ wa ti ya. Mẹ́káníìkì kan fi awẹ́ túbù kẹ̀kẹ́ àti okùn dì í, ó sì gba owó ojúlówó. Fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹ́káníìkì nìkan.

Ní òru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, aládùúgbò kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, gìrì mú un. Ọ̀rẹ́ wa gbé wọn sínú ọkọ̀. Nígbà tí ó ń gun ibi gíga kan, ó ti iwájú bọ iṣẹ́, ó yí sitiárìn, ṣáàfù ọ̀tún sì ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ẹsẹ̀ òsì náà kò fà mọ́. Dífù a máa gbé agbára lọ sí ibi tí kò ti sí ìdíwọ́. Nígbà tí ọ̀pá ọ̀tún ṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo agbára iwájú ń ṣòfò sí. Wọ́n pọn ọmọ náà rìn dé títì, wọ́n sì rí ọ̀kadà. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.

Àwa wà ní ilé wọn ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ pinnu láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọ́n yọ pín-ìnì kékeré kúrò lórí nọ́ọ̀tì ńlá àárín họ́ọ̀bù, wọ́n sì dẹ nọ́ọ̀tì náà nígbà tí táyà ṣì wà ní ilẹ̀, tí bàbá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè kí ó tó ṣe èyí yóò jìyà. Wọ́n fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú. Ọmọ náà ti fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ilé ìdáná jáde.

“Bàbá wọn, kí ni ó gbé ọkọ̀ yìí dúró?”

“Jáàkì ni.”

“Jáàkì nìkan, lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí yìí? Ọmọ mi kò ní wọ ibẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá a rẹ́rìn-ín; ojú ń tì wá láti kọ èyí. Ìyá náà kò dá wa lóhùn. Ó yí ìtì igi méjì tí wọ́n fi ń jókòó nídìí ìkòkò epo wá, ó sì dúró títí wọ́n fi tì wọ́n sí abẹ́ irin gbọọrọ ọkọ̀ náà.

Iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n yọ táyà, wọ́n fi wáyà so bíréèkì rọ̀ kí ó má baà fa rọ́bà epo rẹ̀ já, wọ́n fa epo dífù sínú abọ́, wọ́n sì tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, òrùka wáyà kan ni ó há ìdí ṣáàfù mọ́ inú dífù. Nínú àwọn ti àtijọ́ kan, nọ́ọ̀tì ni ó so ó mọ́ ọn. Ọmọ náà na apá sí abẹ́ láti fi irin gígùn yọ ọ́. Bí ó ti fi agbára sí i, jáàkì fì, ó rì sínú ilẹ̀, a sì gbọ́ gbì! Orí ìtì igi ni ọkọ̀ jókòó lé. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá fa ọmọ rẹ̀ jáde, ó yẹ apá rẹ̀ wò láti èjìká dé ìka, ó sì lọ wá pákó fífẹ̀ láti fi tẹ́ abẹ́ jáàkì.

Ohun tí ó kù kò le. Wọ́n gbé ṣáàfù tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, wọ́n wọn gígùn rẹ̀, wọ́n ka eyín rẹ̀ ní orí àti ní ìdí, nítorí ọjà a máa ta ohun tí ó jọra fún ènìyàn. Wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n fi epo pa á létí, wọ́n ti ọ̀pá wọlé títí òrùka fi dún, wọ́n sì fà á wò bóyá ó dì. Ìgbà tí táyà padà dé ilẹ̀ ni wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì ńlá pinpin. Pín-ìnì tuntun ni wọ́n fi há a. Wọ́n rọ epo sínú dífù.

Ní ìrọ̀lẹ́, a bá wọn lọ sí pápá ilé-ìwé. Bàbá yí sitiárìn dé òpin ọ̀tún, ó wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí i dé òpin òsì, kò dún. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, ó sì ké sí wa pé rọ́bà ti apá òsì ti ń la, gírísì sì ti ta sí inú táyà. Nígbà tí a dé ilé, bàbá sọ fún ìyá pé Sátidé tí ń bọ̀ ni àwọn yóò ṣe ti òsì. Ìyá ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ìtì igi òun padà sídìí ìkòkò epo ná, nítorí òun yóò se ẹyìn ní ọjọ́ Ajé.