Papa Ajasco wo ló kú?

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ariwo ta ní àdúgbò wa ní Bẹẹrẹ pé Papa Ajasco ti kú. Ẹni tí wọ́n ń dárò kọ́ ló kú. Femi Ogunrombi, tó kó ipa náà nínú 'Papa Ajasco Reloaded', ló jáde láyé. Abiodun Ayoyinka, tí ojú wa ti mọ̀ tipẹ́, ló ní láti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì wà láàyè.

Nínú ìwé Ikebe Super tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ní 1976, àwòrán ni bàbá apárí yẹn. Kò sẹ́ni tó ni ojú rẹ̀. Eré ló fún un ní ojú èèyàn. N'Ibadan níbí, bí eégún bá jáde, aṣọ là ń wò. Ti òṣèré kò rí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ là ń wò. Ìdí nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ wa kò fi dùn sí ìpààrọ̀ náà.

Lóòótọ́, ẹni tó ni eré ló ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kọ orúkọ òṣèré tuntun gàdàgbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹkún tó tọ́ sí Ogunrombi, alààyè la sun ún fún.