Ẹ Má Pe Àpótí Náà Ní Pákó Lásán

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, olórin kì í jiyàn púpọ̀ lórí owó dùùrù tó ti òkè òkun dé. Ṣùgbọ́n bí káfíńtà bá dárúkọ iye àpótí tí yóò máa gbé e, tàbí tí oníná bá ní kó ra sítábíláísà tó péye, ariwo a sọ: "Pákó lásán! Irin lásán!"

Èrò tó gbòdì ni. Iná 230 fóltì ni ìwé ń pè, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bó ṣe ń lọ sókè sódò? Ọjọ́ tó bá ya wọlé lójijì ni dùùrù ń jóná.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti náírà 68 sí 225 lórí ẹyọ kan. A ráhùn, a sì san án. Kí ló dé tí ọmọ àdúgbò wa nìkan ni a ń ná lówó iṣẹ́ títí èrè fi tán lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ọjà mìíràn ló ti ń ra pákó àti ìṣó tirẹ̀ ni?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ san owó oníṣẹ́.