Ìdájọ́ Láìsí Ìmúṣẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìdájọ́ òdodo tí a kò mú ṣẹ, kí ni èrè rẹ̀ fún ẹni tí a rẹ́ jẹ? Ní ọdún 2001, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà dá àwọn ará Ògóni láre lórí ilẹ̀ ìbí wọn tí epo rọ̀bì bàjẹ́. Ó ní kí ìjọba Nàìjíríà tún ilẹ̀ náà ṣe, kí ó sì san owó gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò ní agbára láti fi ipá mú ìjọba. Ní ọdún 2011, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè bá májèlé benzene nínú kànga tí àwọn ará Ogale ń mu; ó fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí ó yẹ lọ. Ọdún 2016 ni ìjọba tó kéde ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ẹ má ṣe wí pé Ògóni jìnnà sí Ìbàdàn. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kan Bódìjà àti Dùgbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, irè oko àti ilé ni òfin náà ń díye lé, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ kọ́ òfin, ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ àwọn bàbá yín, kí ẹ má sì sinmi ní ọjọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.